Ṣé Sípíkà Tuntun Ló Rọ̀ Ni, àbí Etí Wa Ló Gbà Á?

Ìbéèrè: Mo ra sípíkà méjì. Lọ́jọ́ tí mo gbé wọn délé, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú orin fújì ń gún mi létí, ìlù ńlá kò sì rinlẹ̀. Ẹni tó tà á ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí awọ ìlù tuntun ló rí, yóò rọ̀ tí mo bá ti fi gbọ́ orin fún 200 wákàtí. Ní báyìí, ó ti ń dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní sípíkà kò yí padà, èmi ni mo yí padà. Ta ló jàre?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n yín ló jàre jù, àmọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá ni ọlọ́jà pa.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún sípíkà ṣe, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn kóònù, ìyẹn apá sípíkà tó ń gbọ̀n láti mú ìró jáde, hàn yín. Ẹ máa rí aṣọ róbótó kan tó ṣẹ́po yíká, tí wọ́n fi oje mú le. Òun àti rọ́bà etí kóònù ló ń dá kóònù padà sáyè rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Oje yẹn gan nígbà tó wà ní tuntun. Bí kóònù bá ti gbọ̀n dáadáa, á sán wẹ́wẹ́ níbi ìṣẹ́po, aṣọ náà á sì rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ lè wọn èyí. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí díẹ̀ ló ń gbà, wọ́n sì lè ti parí púpọ̀ nínú rẹ̀ nílé iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Nínú àpótí kékeré tí wọ́n dí pa, afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ tilẹ̀ ń ti kóònù padà ju aṣọ náà lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ tó máa dé etí kò tó nǹkan.

Ní ti wáyà tí àwọn kan ní kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dùn, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀rọ ìgbọ́rin tí a ń dé sórí ni tiẹ̀ yàtọ̀: tìmùtìmù rẹ̀ máa ń tẹ́ mọ́ orí bó ṣe ń pẹ́, ìyẹn sì lè yí bí ìlù ńlá ṣe ń dún padà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí yín? Lọ́dún 1998, Paul Hofman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands kọ nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n fi nǹkan sí létí kí ìrísí etí wọn lè yí padà. Lójú ẹsẹ̀, wọn ò mọ̀ mọ́ bóyá òkè ni ìró ti ń bọ̀ tàbí ìsàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọpọlọ wọn ti kọ́ etí tuntun náà. Nígbà tí wọ́n sì yọ nǹkan ọ̀hún, wọ́n tún ń gbọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ láìsí ìdádúró. Ọpọlọ tó lè kọ́ etí tuntun, ṣé sípíkà tuntun ló máa wá dà á láàmú?

Ohun kan tún wà tó ń mú mi fura. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé sípíkà òun dùn lọ́jọ́ kìíní, pé lẹ́yìn 200 wákàtí ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé rọ́bà àti aṣọ nìkan ló ń yí padà, ó yẹ kí ti àwọn kan máa burú sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àrídájú, kó gbé sípíkà kan jáde kó máa fi gbọ́ orin, kó fi ìkejì rẹ̀ sílẹ̀ nínú páálí fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn kọ́tìnnì, kí ẹlòmíì máa yí orin láti orí ọ̀kan sí èkejì láìsọ èwo ló ń dún. Kí ohùn méjèèjì dọ́gba o, torí èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ló máa ń jọ pé ó dùn jù. Kọ́tìnnì náà kì í ṣe àṣejù: lọ́dún 1994, Floyd Toole àti Sean Olive fi hàn pé máàkì tí àwọn olùgbọ́ ń fún sípíkà máa ń yí padà bí wọn ò bá rí èyí tí wọ́n ń gbọ́.

Níwọ̀n ìgbà tó ti ń dùn mọ́ yín, ẹ máa gbádùn tiyín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà ni mo ń bẹ̀. Ẹ gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀ ògiri, ẹ ta kọ́tìnnì, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí táìlì. Tó bá ṣì ń gún yín létí, ẹ tètè dá a padà. Ẹni tó ń gbọ́ orin fún wákàtí 3 lójúmọ́ máa lo oṣù méjì ó lé kó tó pé 200 wákàtí, ọlọ́jà kò sì ní gbà á padà mọ́ nígbà náà.