Ṣé dandan ni kí n sọ fún GP mi?

Ìbéèrè: Peckham ni mò ń gbé. Ilé ìwòsàn HIV ló ń fún mi lóògùn, GP mi (dókítà àdúgbò) ò mọ nǹkan kan. Obìnrin tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn lọ́dọ̀ GP náà. Ṣé kí n sọ?

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan, àmọ́ ní tèmi, ẹ sọ ọ́. Lóòótọ́, GP kọ́ ló ń kọ oògùn HIV ní England. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ásímà, ọ̀dọ̀ GP ni wọ́n wà. Ibẹ̀ gan-an lewu wà: bí ritonavir bá wà nínú oògùn yín, tí GP tí kò mọ̀ wá kọ oògùn ásímà tí fluticasone wà nínú rẹ̀, fluticasone yẹn lè pọ̀ jù lára, kí ojú wú, kí egungun di ẹlẹgẹ́.

Ti obìnrin yẹn, mo gbọ́ yín. Ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ òfófó í ṣe! Àmọ́ òfin àṣírí de òun náà, kọ̀ǹpútà sì ń tọ́jú orúkọ ẹni tó bá ṣí fáìlì. Bó bá tú àṣírí yín, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP mìíràn.