Bí A Ṣe Lè Gbé Kámẹ́rà Sórí Máíkírósíkóòpù Láì Ná Owó Rẹpẹtẹ

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Maiduguri tó ń kọ́ṣẹ́ láàbù bẹ ẹgbẹ́ pé kí a ran àwọn lọ́wọ́ láti ra kámẹ́rà tí wọn yóò máa gbé sórí máíkírósíkóòpù. Àwọn àgbà kan béèrè pé kí ni a fẹ́ fi fọ́tò ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Wọ́n wá ní kí àwa tí a ń ta ọjà, tí a sì mọ bí a ti ń yẹ ọjà wò kí a tó sanwó, wádìí ọ̀rọ̀ náà kí a sì kọ ọ́ síhìn-ín.

Ọmọ ẹnì kan nínú wa ní ibà lásìkò òjò. Láàbù àkọ́kọ́ ní ibà kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láàbù kejì ní àwọn kò rí nǹkan kan. A kò ní dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Bàbá ọmọ gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, ó ra oògùn ibà, ọmọ náà lò ó tán, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti rí i pé àìsàn mìíràn ló ń ṣe é. Ta ni yóò sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí? Òun nìkan ló gbé ojú lé ihò náà. Wọ́n ti da sílááìdì nù, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù. Bó bá ya àwòrán ohun tó rí ni, ọ̀gá rẹ̀ ìbá wò ó, láàbù kejì náà ìbá wò ó, wọn ìbá sì mọ̀ bóyá kòkòrò ibà ni tàbí ìdọ̀tí àwọ̀ tí wọ́n fi pa sílááìdì.

Ẹ wo ilé kéwú. Bí ọmọ bá dojú wàláà kọ ara rẹ̀ tó ń kà, àfáà kò lè mọ ibi tó ti ṣì í kà. Ìgbà tó bá yí wàláà síta ni àfáà lè nàka sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni máíkírósíkóòpù tí kò ní kámẹ́rà rí: ọmọ ìṣẹ́ ní òun rí i, ọ̀gá yóò ní kó sún kí òun wò, kí ọ̀gá tó wò ó ohun náà ti kúrò lójú kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Delft ní Holland tó ń jẹ́ Antonie van Leeuwenhoek. Aṣọ ló ń tà bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn aláṣọ a máa fi lẹ́ǹsì wo okùn inú aṣọ kí wọ́n tó rà á, òun sì mọ lẹ́ǹsì ṣe dé ibi pé ó rí àwọn ẹ̀dá kéékèèké nínú omi ní àwọn ọdún 1670. Kò mọ àwòrán yà dáadáa, nítorí náà ó ń sanwó fún ayàwòrán. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé London kò gbà á gbọ́ títí Robert Hooke fi fojú ara rẹ̀ rí i ní ọdún 1677. Àwa tí a kọ́ kéwú sì mọ orúkọ Ibn al-Haytham, ẹni tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tó kọ Kitab al-Manazir lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Ó lo yàrá òkùnkùn tí ihò kékeré wà lára rẹ̀ láti fi ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn. Yàrá gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà "kámẹ́rà" nínú èdè Látìn.

Ó di ọ̀rọ̀ ọjà wàyí. Kámẹ́rà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe máíkírósíkóòpù ń tà lè wọ́n ju máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lọ. A kò nílò rẹ̀.

Fóònù ọwọ́ wa ló rọrùn jù. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú yín wo sílááìdì kó mọ́ kedere. Ẹ wá gbé lẹ́ǹsì ẹ̀yìn fóònù sókè ojú ìwò, kó dúró gangan láàárín. Ẹ má fi kàn án. Ibì kan wà lókè ojú ìwò tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pàdé, ó máa ń jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 10, ti àwọn tí a ṣe fún onígíláàsì ojú sì lè tó 20. Ibẹ̀ ni lẹ́ǹsì fóònù gbọ́dọ̀ wà. Bó bá sún mọ́ jù tàbí jìnnà jù, òkùnkùn yóò bo ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ẹ̀yin fúnra yín lè rí ibẹ̀: ẹ fi bébà funfun sókè ojú ìwò, ẹ máa gbé e sókè sódò, ibi tí àmì ìmọ́lẹ̀ náà bá ti kéré jù lọ ni.

Ọwọ́ ènìyàn kò lè dúró pẹ́ níbẹ̀ láì gbọ̀n, nítorí náà a nílò ohun tí yóò di fóònù mú. Wọ́n ń ta á, ṣùgbọ́n ìdérí páìpù omi tí a lu ihò sí láàárín, tí a fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ ka ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó ya àwòrán, kí ìka yín má baà mì ín.

Ọ̀nà kejì ni kámẹ́rà kékeré oní-USB tí a ń kì bọ ihò ojú ìwò lẹ́yìn tí a bá ti yọ ojú ìwò kúrò, tí okùn rẹ̀ ń lọ sínú láptọ́ọ̀pù. Èyí ni a rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ rà, nítorí pé ó ń dúró sójú kan, gbogbo kíláàsì sì lè wò ó pọ̀. Ẹ fi kálípà wọn ihò náà kí ẹ tó lọ sọ́jà. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ mìlímítà 23.2, àwọn mìíràn jẹ́ 30 tàbí 30.5, òrùka ìfikún sì wà fún wọn. Bí òrùka kò bá bá a mu, àwọn onílẹ́ẹ̀tì wa lè gbẹ́ ọ láti ara náílọ́ọ̀nù. Bí máíkírósíkóòpù bá ní ojú kẹta lókè fún kámẹ́rà, kámẹ́rà tó ní ẹnu C-mount ló yẹ ẹ́, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní íńṣì kan géérégé.

Ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń jẹ ènìyàn ni mẹ́gápíkísẹ́lì. Wọn yóò ní ti àwọn jẹ́ 18, ti ẹnìkejì jẹ́ 5, ẹ ra tiwa. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ oní 100 tí a ń fi òróró sí, tó dára dé 1.25, kò lè ya nǹkan méjì tí àlàfo wọn kò tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin máíkírọ́ọ̀nù kan sọ́tọ̀. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Ohun tí lẹ́ǹsì kò bá rí, kámẹ́rà kò lè ṣẹ̀dá rẹ̀. Mẹ́gápíkísẹ́lì 3 sí 5 ti tó láti gba gbogbo ohun tí lẹ́ǹsì náà lè fún un. Èyí tó kù ń gba ààyè nínú láptọ́ọ̀pù lásán.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bí ṣíìpù inú kámẹ́rà ti fẹ̀ tó, àti bóyá lẹ́ǹsì tó ń dín àwòrán kù sí ìdajì wà nínú rẹ̀. Ojú ìwò wa sábà máa ń fi àyíká tó fẹ̀ tó mìlímítà 18 hàn wá. Ṣíìpù tí wọ́n ń pè ní ìdajì íńṣì jẹ́ 6.4 sí 4.8. Láìsí lẹ́ǹsì ìdínkù, igun kékeré ni yóò máa rí. Pẹ̀lú rẹ̀, yóò rí 12.8 sí 9.6. Ẹ sì tún ṣírò síwájú: ìyẹn kò tó ìdajì ohun tí ojú ń rí nínú àyíká náà. Ẹ̀kọ́ àwọn aláyẹ̀wò ibà ni pé kí a wo ojú-ibi tó kéré tán 100 lórí ẹ̀jẹ̀ tó nípọn kí a tó sọ pé kò sí ibà. Bí ọmọ ìṣẹ́ bá wo 100 nínú láptọ́ọ̀pù nìkan, kò tíì wo 50. Kí ó fi ojú rẹ̀ wá kòkòrò náà, kí ó fi kámẹ́rà pa ohun tó rí mọ́.

A gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé fóònù ti lé àwọn aláyẹ̀wò lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Pemba, lẹ́bàá Zanzibar, àwọn oníṣègùn lẹ gíláàsì róbótó oní mìlímítà 3 mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù, tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 8, wọ́n fi wá ẹyin aràn nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọdé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Nínú 100 tí máíkírósíkóòpù gidi rí ẹyin aràn ńlá nínú wọn, fóònù náà rí nǹkan bí 81. Ti aràn kékeré tó ń fi eyín ìkọ́ mu ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí 14 péré ló rí. Ní ilé wa lọ́hùn-ún, àwọn onímọ̀ University College London àti ti Ibadan fi kámẹ́rà sórí máíkírósíkóòpù gidi, wọ́n fi àwòrán ẹ̀jẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ti ń dá kòkòrò ibà mọ̀, iṣẹ́ wọn sì jáde ní ọdún 2020. Àwọn aláyẹ̀wò tó dáńgájíá ló kọ́kọ́ sọ fún kọ̀ǹpútà náà ohun tí kòkòrò jẹ́.

Bí kámẹ́rà bá ti dé, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ gbé sílááìdì sí ibi tí kò sí ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà mọ̀ pé funfun nìyẹn, kí àwọ̀ má baà di pupa tàbí búlúù. Ẹ pa ohun tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán méjì kò ní rí bákan náà. Bí ìlà dúdú bá ń rìn lójú àwòrán, iná ni, kì í ṣe kámẹ́rà. Gílóòbù tí a ti dín iná rẹ̀ kù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, iná bátìrì tàbí sólà kì í sábà ṣe é. Láti wọn nǹkan, ẹ yá sílááìdì tó ní òṣùwọ̀n mìlímítà kan tí a pín sí 100, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní orí lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. ImageJ, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, yóò bá yín ṣírò rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀jẹ̀ pupa kan jẹ́ nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 7 sí 8, ó lè fi òye yé yín.

Eruku ọyẹ́ ìlú yìí kò mọ ilẹ̀kùn. Ihò tí a bá ti yọ ojú ìwò kúrò kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra máíkírósíkóòpù àlòkù níhìn-ín, kó ránti omi Alau tó ya wọ ìlú ní ọjọ́ 10 oṣù September 2024. Kó yọ lẹ́ǹsì, kó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bó bá rí ohun tó dà bí owú aláǹtakùn nínú rẹ̀, èbu ti wọ̀ ọ́, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Nípa orúkọ: nọ́ńbà sílááìdì, ọjọ́ àti lẹ́ǹsì tí wọ́n lò ni kí wọ́n kọ sára àwòrán. Orúkọ aláìsàn wà nínú ìwé láàbù, kí ó dúró síbẹ̀. Àmánà ni ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwòrán rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dé orí WhatsApp ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ láti fi han wá pé kámẹ́rà tí a rà ń ṣiṣẹ́.