Ẹ Dí Gọ́tà Tó Sán Kí Òjò Tó Dé

Bí gọ́tà ẹ̀yìn ilé bá sán, omi á máa jò wọ abẹ́ ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù á sì máa fà á mu sókè. Ògiri á rin, àgbàdo tẹ́ ẹ kó sí yàrá á sì bu. Àgbàdo tó ti bu léwu fún ènìyàn àti adìẹ.

Ẹ tún un ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, báyìí:

1. Ẹ gbá gọ́tà mọ́. Ẹ fi irin ẹnu mímú àti òòlù la ibi tó sán fẹ̀ díẹ̀.

2. Ẹ fọ erùpẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, kí ibẹ̀ sì tutù.

3. Ẹ po símẹ́ńtì ìwọ̀n 1 mọ́ yanrìn tó mọ́ ìwọ̀n 3. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, kẹ́ ẹ dán ojú rẹ̀.

4. Ẹ fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 7. Símẹ́ńtì tó bá yára gbẹ á tún sán.

5. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí òkè gọ́tà. Kò gbọ́dọ̀ dúró síbì kan.

Bó bá tún sán níbi kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń rì. Ẹ fọ́ ibẹ̀, ẹ kì í lẹ́, kẹ́ ẹ tún un dà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.