Òṣùwọ̀n Kajú: Kí Ni Kí Ọmọ Iṣẹ́ Ṣe?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí òótọ́ lẹ́nu òwò. Ọ̀ràn kan la gbé wá, ẹ̀yin lẹ máa dá a.

Ká ní àsìkò kajú dé, ọmọkùnrin kan ń bá oníṣòwò wọn ẹrù. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó yí òṣùwọ̀n, kí àpò kílò 80 máa fi 76 hàn. Tó bá kọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ra oògùn ìyá rẹ̀. Kí ni kó ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí kílò kan bá jẹ́ 300 fránkì, kílò 4 tó sọnù jẹ́ 1,200. Ẹni tó ta àpò 10 ti pàdánù 12,000 fránkì. Ọ̀gá ló pàṣẹ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ọmọ yẹn ló wà lórí òṣùwọ̀n.

Ẹ má jẹ́ kó dá nìkan ru ẹrù òtítọ́. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ gbé bídọ̀ lítà 25 tó kún fún omi lọ síbi ìwọ̀n. Bí òṣùwọ̀n bá fi iye tó dín ní 25 hàn, ẹ má tà. Nígbà náà, ọmọ yẹn á lè sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, wọ́n máa mọ̀."

Àwa àgbẹ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó fi òkúta sínú àpò, ṣé òun kì í ṣe olè? Ẹ jíròrò rẹ̀ kí ẹ tó túká.