Owó Oṣù àti Ẹ̀tọ́ Ilé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ń bẹ níwájú ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ òfin: ṣé iṣẹ́ lọ́yà tí owó rẹ̀ pọ̀, tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè délé, ni ẹ ó mú, àbí èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó sì fún èèyàn láàyè?

Ẹ wo olóògbé Adájọ́ Mustapha Akanbi, ọmọ Ìlọrin wa. Ní 1969, wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n dá iṣẹ́ lọ́yà tiwọn sílẹ̀ ní Kano. Ní 1974, wọ́n fi ìyẹn náà sílẹ̀, wọ́n di adájọ́. Èrè lọ́yà aládàáni lè pọ̀ láìlópin. Owó oṣù adájọ́ ní ìwọ̀n. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì sọ pé ẹni tó bá ti ṣe adájọ́ rí kò gbọdọ̀ ṣe lọ́yà ní kóòtù mọ́. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti tì, ó tì náà nìyẹn.

Ilẹ̀kùn ilé náà ń tì. Èwe ọmọ kì í padà, ogbó òbí kì í dúró deni. Sàábé Salmaan gba Abu Dardaa nímọ̀ràn pé Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni, ara ẹni ní, ará ilé ẹni náà ní, Ànábì (S.A.W.) sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ obìnrin nìkan: ọmọ ń wá bàbá bó ti ń wá ìyá.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́, ẹ ka wákàtí mọ́ owó. Iṣẹ́ tó san ìlọ́po méjì, tó sì gba wákàtí ìlọ́po méjì, kò fi kọ́bọ̀ kún iye wákàtí yín. Ẹni tí gbèsè tàbí bùkátà òbí wà lọ́rùn rẹ̀ lè yan owó. Kó ṣáà ti dá ọdún tí yóò fi ṣe é.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.