Àpótí Ìmọ̀: Eré Ìmárale fún Aboyún Tó Sanra Jù

Eré ìmárale ni ìgbòkègbodò tó ń mú kí ọkàn yára lù díẹ̀, bíi rírìn kánmọ́kánmọ́ tàbí lílúwẹ̀ẹ́. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, aboyún tí dókítà kò rí ìdíwọ́ kankan lára rẹ̀ yẹ kó máa ṣe é fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹni tó sanra jù náà wà níbẹ̀.

Ta ni ẹni tó sanra jù? Ẹni tí ìṣirò ìwọ̀n ara sí gíga rẹ̀ tó 30 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lóyún ni.

Àpẹẹrẹ: Obìnrin kan wọn kílò 90 kó tó lóyún, ó sì ga ní mítà 1.60. A ó sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n ara rẹ̀:
1.60 × 1.60 = 2.56
90 ÷ 2.56 = 35.2
Èyí ju 30 lọ, nítorí náà ó sanra jù.

Kò ṣeré ìmárale rí, nítorí náà ìṣẹ́jú 15 ni yóò máa rìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀: 15 × 3 = 45. Yóò máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 30 × 5 = 150. Bí kò bá lè bá ẹni tí wọ́n jọ ń rìn sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti yára jù.

Kì í ṣe torí kó lè fọn ló ṣe ń rìn o. Eré náà ń dín ewu àtọ̀gbẹ inú oyún àti fífi kún ìwọ̀n ara kọjá ààlà nígbà oyún kù. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń jáde lójú ara, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí àyà bá ń dùn ún, kó dúró, kó lọ rí dókítà tàbí agbẹ̀bí lójú ẹsẹ̀.