Ọjọ́ Kan Náà, Ìdí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé orúkọ ọjọ́ a máa padà wá: ọjọ́ Ògún á lọ, á tún bọ̀, ọjọ́ ọjà á ná tán, á tún pé. Síbẹ̀, wọn kò gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ògún tó kọjá ni yóò tún ṣẹlẹ̀ ní èyí tó ń bọ̀. Kàlẹ́ńdà olóṣù méjìlá tí gbogbo ayé ń lò lónìí náà ń yí bẹ́ẹ̀. Ìbí ìpínlẹ̀, ikú ọmọdé, ẹ̀bùn òǹkọ̀wé àti ìkéde àgbáyé lè bọ́ sí ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìdí tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn kọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ọ̀kan bí ìkejì, èyí tí èèyàn dìídì fi ọjọ́ rẹ̀ sọrí, àti èyí tó kàn ṣe kòńgẹ́ lásán.

Amadi-Ama, ìlú àwọn Okrika tó wà létí omi ní Port Harcourt, jẹ́ ibi tó dára láti ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Àyájọ́ tó kan àwọn ará ibẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n ni ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí lọ́dún 1967. Lọ́jọ́ náà ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde ìjọba pàjáwìrì, tó sì pín ẹkùn mẹ́rin tí Nàìjíríà ní sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ìpínlẹ̀ Rivers jáde lára Ìlà-Oòrùn. Ìpínlẹ̀ Èkó jáde bákan náà: olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ àtijọ́, pẹ̀lú Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry. Ìdí nìyí tí Yorùbá tó ń gbé ní Port Harcourt fi lè kí ará ilé rẹ̀ ní Èkó kú ọdún ìpínlẹ̀, kí ìyẹn náà sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìkíni kan náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ 27 yẹn kan náà, ní Enugu, ìgbìmọ̀ tó ń gba ẹkùn Ìlà-Oòrùn nímọ̀ràn fún Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu láṣẹ pé kó kéde ìyapa. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ó kéde Biafra. Ìṣẹ̀lẹ̀ Enugu àti ìkéde Gowon kò ṣèèṣì bọ́ sí ọjọ́ kan. Ọ̀kan ń lé ìkejì ni: bí Ìlà-Oòrùn ṣe ń múra àtilọ, bẹ́ẹ̀ ni Gowon ń yọ àwọn ẹ̀yà kéékèèké etíkun kúrò lábẹ́ Enugu, pẹ̀lú èbúté àti epo rọ̀bì tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ìbéèrè fún ìpínlẹ̀ náà sì ti pẹ́ ju Gowon lọ. Harold Dappa-Biriye ọmọ Bonny ti gbé ẹjọ́ àwọn ará Rivers lọ sí ìpàdé òfin orílẹ̀-èdè ní London lọ́dún 1957. Ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti gbọ́ ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké gbà lọ́dún 1958 pé ẹ̀rù náà kì í ṣe àlá lásán, ṣùgbọ́n wọn kò dámọ̀ràn pé kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ọjọ́ 27 láìmọ ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀, orúkọ ọjọ́ nìkan ló mọ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn ìwé kéékèèké máa ń fò. Òfin dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ lọ́dún 1967, wọ́n sì fi Alfred Diete-Spiff, ológun ojú omi tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ṣe gómìnà àkọ́kọ́. Àmọ́ ọwọ́ Biafra ni Port Harcourt ṣì wà. Oṣù Karùn-ún ọdún 1968 ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ olórí wọn tó gba ìlú náà. Fún ará Amadi-Ama, ọjọ́ tí wọ́n kéde ìpínlẹ̀ àti ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà jìn síra wọn tó ọdún kan, ogun sì ló dí àárín wọn. Kí ẹni tó ń kọ ìtàn máa kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀.

Ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún kan náà ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ iléèwé á yan nínú aṣọ iléèwé wọn, ó sì rọrùn fún ọmọ tó wà ní Rivers tàbí Èkó láti rò pé nítorí ìpínlẹ̀ òun ni wọ́n ṣe ń ṣayẹyẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1964 ni Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé ti wà, ọdún mẹ́ta kí ìpínlẹ̀ méjìlá tó dé. Ohun tó ṣáájú kò lè jẹ́ èso ohun tó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ọjọ́ méjì tó bára dọ́gba ni pé ọdún wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún ọdún 1967 gan-an, àwọn ará Ọsirélíà dìbò láti yọ ohun tó ń ya àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú òfin orílẹ̀-èdè wọn. Ju 90 lọ nínú 100 olùdìbò ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí okùn kankan láàárín rẹ̀ àti ìkéde Gowon. Kòńgẹ́ ni.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìjọba dìídì ń kó nǹkan jọ sí. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá ni òmìnira lọ́dún 1960. Ọjọ́ náà ni Nàìjíríà kúrò lábẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1963, ọjọ́ náà ni Shehu Shagari gba ìjọba lọ́wọ́ Ọ̀gágun Olusegun Obasanjo lọ́dún 1979, ọjọ́ náà sì ni Ọ̀gágun Sani Abacha kéde ìpínlẹ̀ mẹ́fà lọ́dún 1996. Bayelsa tí wọ́n gé kúrò lára Rivers àti Èkìtì tí wọ́n gé kúrò lára Oǹdó wà nínú wọn. Kò sí àràmàǹdà nínú èyí. Èèyàn ló yan ọjọ́ náà kí tuntun lè gba iyì lára ti àtijọ́.

Ọjọ́ tó yẹ kí gbogbo Port Harcourt fara balẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ jù ni ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá. Alfred Nobel kú ní ọjọ́ yìí lọ́dún 1896, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún àwọn èèyàn ní ẹ̀bùn tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ní àyájọ́ ikú rẹ̀ láti ọdún 1901. Ọjọ́ náà ni Albert Luthuli, ọmọ South Africa, gba ẹ̀bùn àlàáfíà ní Oslo lọ́dún 1961. Ọjọ́ náà ni Wọlé Ṣóyínká gba ti lítíréṣọ̀ ní Stockholm lọ́dún 1986, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Ọjọ́ náà lọ́dún 1948 sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Paris: orílẹ̀-èdè 48 gbà, mẹ́jọ fà sẹ́yìn, kò sí èyí tó kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ ayọ̀ ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ní Sátidé ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù Sosoliso tó gbéra ní Abuja já ní pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt tó wà ní Omagwa. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀. Méjì péré ló yè. Ọgọ́ta nínú àwọn tó kú jẹ́ ọmọ iléèwé Loyola Jesuit College, Abuja, tí wọ́n ń bọ̀ wálé fún ìsinmi Kérésìmesì, tí àwọn òbí wọn sì ń retí wọn. Ọ̀fọ̀ ńlá ló ṣẹ̀ wọ́n, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ orí àti ọjọ́ burúkú bo ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Yorùbá máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí wúlò nígbà tí ẹ̀rí bá wà nílẹ̀. Nígbà tí kò bá sí ẹ̀rí, ó lè kó ẹni tí kò ṣẹ̀ sí wàhálà, kó sì jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ lọ. Àwọn olùṣèwádìí ìjọba lórí ìjàǹbá Sosoliso rí ohun tí ọwọ́ lè tọ́ka sí. Àwọn awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi gíga tó yẹ kí wọ́n dúró lé, láìtíì rí ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí. Ìgbà tí wọ́n fi pinnu láti tún gbéra, ó ti pẹ́. Ìjì ń jà. Iná pápákọ̀ kò tàn. Bàálù náà sì lọ forí sọ gọ́tà tí wọ́n fi kankéré ṣe. Gbogbo ìwọ̀nyí ni èèyàn lè tún ṣe, kò sì sí èyí tí kàlẹ́ńdà fà nínú wọn. Kò tíì pé oṣù méjì ṣáájú, ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ni bàálù Bellview já ní Lísà, Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí èèyàn 117 sì kú. Ọjọ́ méjèèjì kò jọra, ṣùgbọ́n àìbìkítà fún ààbò ojú òfurufú jọra. Òfin tuntun lórí ìrìnnà òfurufú jáde lọ́dún 2006. Ìwádìí àti òfin ló ń gba ẹ̀mí là.

Ọjọ́ 10, oṣù Kọkànlá ọdún 1995 náà kò ní parẹ́ ní ìlú yìí. Ọjọ́ náà ni ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Port Harcourt. Ọjọ́ yẹn náà ni ìpàdé àwọn olórí ìjọba Commonwealth bẹ̀rẹ̀ ní Auckland, New Zealand. Ẹni tó bá kà á pé ọjọ́ 11 ni àwọn olórí náà dá Nàìjíríà dúró lẹ́gbẹ́ nítorí ìyẹgi yìí lè rò pé wọ́n fi òru sùn lé e lórí. Wákàtí méjìlá ni New Zealand fi ṣáájú Nàìjíríà nígbà náà: bí oòrùn ọ̀sán bá dúró lókè Port Harcourt, òru ti dá sí méjì ní Auckland, ọjọ́ kejì sì ti wọlé. Kí ẹni tó bá ń fi ọjọ́ wé ọjọ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn máa béèrè aago ibẹ̀. Ní ti ìtàn àtijọ́, kó béèrè irú kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò: ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún tí St. Petersburg ń ṣe ọdún ìlú wọn, ọjọ́ 16 ni nínú kàlẹ́ńdà tí Rọ́ṣíà ń lò nígbà tí wọ́n tẹ ìlú náà dó lọ́dún 1703.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ ilé àti iléèwé. Ìwé ìkọ̀wé kan tó nípọn tó fún iṣẹ́ náà: ojú ewé kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Bí ọmọ bá ṣí ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, kó kọ ọdún ṣáájú, kó kọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó sọ fún un tàbí ìwé tó ti kà á. Kó fi àmì sí èyí tó ní okùn pẹ̀lú ara wọn, kó sì fi èyí tó ṣe kòńgẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú ewé náà, kó kọ ti ìdílé: ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá àgbà, ọjọ́ tí wọ́n sá kúrò nílé nígbà ogun, ọjọ́ tí wọ́n padà dé. Àwọn àgbàlagbà kan kò mọ déètì ìbí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ ogun Adekunle wọ Port Harcourt ni. Ìyẹn tó láti fojú bu ọdún náà.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 lọ́jọ́ tí Gowon kéde ìpínlẹ̀ ti lé ní 65 báyìí. Irú wọn ṣì wà ní Amadi-Ama, wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Ìlọrin, ohun tí ojú wọn rí kò sì sí nínú ìwé kankan. Kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn tètè jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ìwé àti bírò.